Lẹ́tà Méje Tí Kò Gba Òǹtẹ̀

Àbúrò mi kan ṣoṣo, tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n dàgbà, ìdí òpó iná lẹ́bàá títì ló ń jókòó sí báyìí, tó ń tún fóònù ṣe. Bóyá ẹ ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí. Agboòrùn aláwọ̀ ewé kan wà lórí rẹ̀, tábìlì pẹlẹbẹ kan wà níwájú rẹ̀, gíláàsì tó fi ń wo nǹkan wínníwínní sì wà lójú rẹ̀ kan. Tí ẹ bá rí i tí kò sí oníbàárà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ má rò pé kò mọṣẹ́ ni o. Ó mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn ń gbé fóònù wọn kọjá níwájú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni, torí wọ́n ní òun ló tú àṣírí àwọn aláìsàn síta.

Èmi mọ̀ pé irọ́ ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé lẹ́tà méje tí ì bá gbà á sílẹ̀. Ọwọ́ mi yìí náà ló sì bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má di pé mò ń fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ṣáájú ojú rẹ̀.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí ìyá wa kú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé mẹ́fà tán ni. Àbúrò mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ń bi mí lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ni Màmá ń bọ̀. Bàbá wa ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ó lè lo oṣù kan gbáko kí ó má wọlé, tó bá sì wọlé, oorun ló máa ń sùn. Báyìí ni ìwé mi ṣe dúró síbẹ̀. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ìwé tí n ò kà, ọmọ yìí ló máa bá mi kà á.

Ó sì kà á. Àmọ́ kó tó máa kàwé, àgádágodo ló kọ́kọ́ ń kà. Kò tíì pé ọmọ ọdún méje tó ti ń fi ìṣó tú gbogbo ohun tí mo bá tì. Mo ní àpótí kan tí mo ń kó ṣúgà pa mọ́ sí. Mo tì í, ó ṣí i. Mo nà án, ó sunkún tán, ó nu ojú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹjọ́ mi kọ́. Àgádágodo yín ni kò dáa. Ẹ ra òmíràn."

Mo lọ ra òmíràn. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún mi, mo gbọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ilé ìwòsàn tí èmi ti ń gbálẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ló gbà á síṣẹ́. Ilé alájà mẹ́ta ni, ó ní àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ń tẹ̀. Abẹ́ àtẹ̀gùn náà ni yàrá tí mò ń kó ìgbálẹ̀ àti garawa mi sí. Wọ́n ní kí n kó ẹrù mi sápá kan, kí wọ́n kó ẹ̀rọ tirẹ̀ sápá kejì. Bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ṣe di aládùúgbò nìyẹn: wáyà lọ́tùn-ún, omi ọṣẹ lósì. Tí mo bá fẹ́ gbé garawa, á ní, "Ẹ rọra o, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀mí gbogbo ilé yìí ló wà lẹ́sẹ̀ yín." Màá ní, "Ẹ̀mí tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ló ń ṣe nílẹ̀ẹ́lẹ̀?" A óò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí wọ́n gbà á, wọ́n fún un ní ìwé kan pé kó fọwọ́ sí i. Ohun tí ìwé náà ń wí ni pé òun ni olùtọ́jú gbogbo kọ̀ǹpútà àti wáìfáì ilé ìwòsàn náà, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí wọn, òun ni wọ́n máa bi. Ó fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀. Mo ra bisikíìtì fún gbogbo àwọn tí a jọ ń gbálẹ̀.

Kò tíì pé ọdún kan níbẹ̀ tó pè mí lọ́jọ́ kan tí mo nu àtẹ̀gùn tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Mo fẹ́ fi nǹkan hàn yín."

"Tó bá jẹ́ ìwé ni, orí mi ti kún o."

"Kì í ṣe ìwé. Àgádágodo ni."

Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni ń bu omi fún ọmọdé. Ó ní kọ̀ǹpútà ibi tí aláìsàn ti ń forúkọ sílẹ̀ ń bá ti yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀, ti yàrá àyẹ̀wò ń bá ti dókítà sọ̀rọ̀, kò sì sí wáyà láàárín wọn. Inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń gbà. Ohun tí kò jẹ́ kí ará ìta gbọ́ ọ ni àgádágodo tí wọ́n fi tì í. Èyí tí ilé ìwòsàn wa ń lò ti gbó. Àwọn tó ṣe é gan-an ti kéde fún gbogbo ayé pé kí wọ́n má lò ó mọ́, wọ́n sì ti ṣe tuntun tó le dáadáa.

"Ṣé wọ́n ń ta tuntun yẹn ni?"

"Ó ti wà nínú ẹ̀rọ tí a ní. Kí n kàn yí i ni. Ọ̀sán kan ṣoṣo ni."

"Kí ló wá dé tí o ò yí i?"

Ó wo òkè, bíi pé ó ń wo ẹnì kan láti abẹ́ àtẹ̀gùn. "Pírńtà ọ̀gá."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn ní pírńtà kan nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé jáde. Ó tóbi bí àpótí aṣọ, ó dúdú, ó sì ń dán, torí èmi ni mo ń nù ún. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn ọmọ. Ẹ̀rọ náà ti pẹ́ débi pé àgádágodo àtijọ́ yẹn nìkan ló mọ̀. Tí àbúrò mi bá yí i sí tuntun, gbogbo ẹ̀rọ ilé ìwòsàn á gbọ́, ti ọ̀gá nìkan ni kò ní gbọ́. Nítorí ẹ̀rọ kan yìí, gbogbo ilé gbọ́dọ̀ máa sùn láìtìlẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò mi ní, "orúkọ mi ló wà lábẹ́ ìwé yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé, ẹnikẹ́ni ò ní bi pírńtà. Èmi ni wọ́n máa bi."

Ló bá kọ lẹ́tà. Ní ibi iṣẹ́ wa, lẹ́tà ní ọ̀nà tó ń gbà. Ẹ óò gbé e fún akọ̀wé ọ̀gá, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín kí ago mẹ́rin tó lù. Akọ̀wé á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan, á lu òǹtẹ̀ elésè àlùkò tó ní ọjọ́ lára mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ni á tó gbé e wọlé. Àbúrò mi lọ, akọ̀wé ní kó dúró. Ó dúró lórí àga onígi kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Tí mo bá ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, màá rí i tó di lẹ́tà mú lórí itan bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀. Inú bí mi. Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n!

Ní ọjọ́ kẹta, mo já lẹ́tà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Gbé e wá jàre. Ta ló ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ọ̀gá láàárọ̀? Ṣé kì í ṣe èmi ni? Màá gbé e sórí tábìlì rẹ̀ fúnra mi. Òun náà ni ohun àkọ́kọ́ tó máa rí. Kí ni a fẹ́ fi òǹtẹ̀ ṣe?"

Ó wò mí. "Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Dìde ńlẹ̀ níbẹ̀."

Ẹnu mi nìyẹn. Ká ní mo ti mọ̀ ni, ǹ bá fi ìgbálẹ̀ gbá ara mi lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ́ lẹ́tà náà sáàárín tábìlì, mo sì gbé ife tíì ọ̀gá lé e lórí, kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ. Ọ̀gá wọlé. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó máa ń kí mi.

"Ìyá, orúnkún ńkọ́?"

"Ó ń gbọ́, sà."

Ó gbé ife, ó rí lẹ́tà. "Èyí ńkọ́?"

"Àbúrò mi ló kọ ọ́, sà. Ti kọ̀ǹpútà ni."

"Ó dáa. Màá kà á."

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn, mo ní, "Ó ní òun máa kà á!" A dúró ọ̀sẹ̀ kan, a dúró oṣù kan. Ọdún yípo. Ó kọ ìkejì, mo gbé e. Ó kọ ìkẹta, mo gbé e, ife tíì lórí, bákan náà.

Lẹ́yìn ìkẹta ni wọ́n pè é sí ìpàdé. Èmi ni mò ń gbé tíì káàkiri, etí mi ló gbọ́. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi hàn wọ́n. Ó gbé kọ̀ǹpútà kan jáde, tí kò fi páásíwọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn sínú rẹ̀ rárá, ó lọ jókòó sórí ìjókòó símẹ́ńtì lẹ́yìn ògiri, níbi tí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ máa ń wà. Tíì tí mo bù fún wọn kò tíì tutù tó fi wọlé padà, tó ń ka lẹ́tà tí akọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, èyí tó já gbà nínú afẹ́fẹ́, sí etí wọn. Wọ́n ń wo ara wọn lójú. Mo ní nínú ara mi pé, ó tán, wọ́n ti gbọ́.

Ọ̀gá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Nítorí náà, ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń jalè yìí."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín, èyí tí èèyàn fi ń bo ẹnu.

"Ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sà. Ẹ jẹ́ ká yí àgádágodo náà."

"Pírńtà mi ńkọ́?"

"Ohun tí a lè ṣe sí i wà nínú lẹ́tà mi, sà, torí kò ní lè gba inú afẹ́fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti gbó."

"Èmi náà ti gbó. Ṣé wàá lé mi jáde ni?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ kí ẹ̀rọ náà kú fúnra rẹ̀. Tó bá kú, o yí ohun tó o bá fẹ́ yí."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí dúró de ikú pírńtà. Ẹ̀rọ náà kò kú. Mo ń nù ún láràárọ̀, ara rẹ̀ le ju tèmi lọ. Ẹ gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀: àárọ̀ ọjọ́ kan wà tí mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ife omi kan lọ́wọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ihò tí ìwé ń gbà jáde wà ní ṣíṣí sókè bí ẹnu ẹyẹ. Ife omi kan péré. Mo gbé ife náà sílẹ̀, mo sì tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ara mi pé mo fẹ́ ba ohun olóhun jẹ́. Olóòótọ́ ni mí, ṣé ẹ rí i. Òótọ́ yẹn ń dùn mí títí di òní.

Láti ọjọ́ ìpàdé yẹn ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàbá Kọ́kọ́rọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn awakọ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, á ní, "Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ṣé o ti ti afẹ́fẹ́ lónìí?"

Àbúrò mi á dáhùn pé, "Ẹ̀yin ẹ máa ṣọ́ géètì yín. Ẹni tó ń bọ̀ kò ní gba ibẹ̀ wọlé."

Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n pè é. Lẹ́tà kẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà. Ọdọọdún ni, bí ẹni ń san owó orí. Nígbà tó kọ ìkeje, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó sú mi. Ẹ bá mi gbé èyí dé ibẹ̀, ó parí." Mo gbé e dé ibẹ̀.

Ọjọ́ Ajé kan ni mo dé ibi iṣẹ́ tí mo bá èèyàn lẹ́nu géètì bí eṣú. Wọ́n ń ké, fóònù wà lọ́wọ́ oníkálukú. Ẹnì kan ti wọ inú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn, ó kó orúkọ àwọn aláìsàn àti ohun tó ń ṣe wọ́n, ó sì dà á sórí fóònù gbogbo aráyé. Ohun tí èèyàn kò sọ fún ọkọ, ohun tí ọmọ kò sọ fún ìyá, ó ti wà níta.

Aránṣọ kan wà ní òdìkejì títì, obìnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń bá mi gán etí aṣọ iṣẹ́ mi láìgba nǹkan kan. Àìsàn tó ń gba oògùn rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, òun àti dókítà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń wo àwọn oníbàárà rẹ̀ tí wọ́n wá kó aṣọ wọn tí kò tíì rán tán. Wọ́n fi ìka méjì mú aṣọ náà. Kí oṣù tó parí, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó gbà. Kò dágbére fún mi. Nítorí kí ni yóò ṣe dágbére fún mi? Ilé tí mò ń nù ló tú u síhòòhò.

Àbúrò mi jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n gba inú afẹ́fẹ́ wọlé. Mo ti rí ipa wọn. Àgádágodo yẹn náà ni."

"Ṣebí o ti sọ fún wọn?"

"Mo ti sọ. Lẹ́tà méje, Ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn lẹ́tà náà ló máa gbèjà mi."

Àwọn ìgbìmọ̀ ìwádìí wá láti olú ilé iṣẹ́. Mẹ́ta ni wọ́n. Obìnrin kan tó wọ gíláàsì lójú ló ṣáájú wọn. Wọ́n pe àbúrò mi wọlé, wọ́n pe èmi náà láti wá jẹ́rìí.

Obìnrin náà ní, "O ní o kọ lẹ́tà méje. Níbo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, mà. Ẹ̀dà wọn wà lórí kọ̀ǹpútà mi."

"Kọ̀ǹpútà tí ìwọ fúnra rẹ ń tọ́jú? Tí o lè kọ ọjọ́ tó bá wù ọ́ sí?"

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Wọ́n ní kí akọ̀wé gbé ìwé ńlá náà wá. Ó ṣí i láti ọdún tí àbúrò mi dé, ó fi ìka tọ̀ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ìwé kan sí òmíràn. Gbogbo wa ń gbọ́ bí ojú ìwé ṣe ń yí.

"Kò sí lẹ́tà kankan láti ọwọ́ rẹ̀ níbí, mà. Ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ó ní òǹtẹ̀ mi."

Wọ́n bi ọ̀gá àgbà. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ló ń dé iwájú mi. Mi ò rántí irú ẹ̀."

Mo bẹ́ sókè. "Ọ̀gá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà! Èmi ni mo gbé wọn síwájú yín! Mo gbé ife lé wọn! Ẹ bi mí pé kí ni, mo ní ti kọ̀ǹpútà ni!"

Kò wo ojú mi. Obìnrin onígíláàsì ló wò mí, bí a ti ń wo ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ láàárín àgbà. "Màmá, kí ni ẹ jẹ́ sí i?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, mà."

"Ṣé ẹ ka àwọn lẹ́tà náà?"

"Rárá, mà. Ọjọ́ tí mo gbaṣẹ́ ni wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé agbálẹ̀ kì í ka ìwé ọ̀gá."

"Nítorí náà, ẹ ò mọ ohun tó wà nínú wọn."

Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹnì kejì rẹ̀ wá mú ọ̀rọ̀ ìpàdé ọjọ́sí wá, ó ní wọ́n sọ fún àwọn pé àbúrò mi ti fi han àwọn èèyàn rí bí wọ́n ṣe ń wọ inú ẹ̀rọ náà láti ìta. Ṣé òótọ́ ni? Ó ní òótọ́ ni, pé ìkìlọ̀ ni òun fi ń ṣe fún wọn. "Òótọ́ ni" nìkan ni wọ́n kọ sílẹ̀. Àwọn àgbà ní àìtètè mú olè, olè á mú olóko. Ìṣojú mi báyìí ni wọ́n ti mú olóko.

Wọn ò sọ pé òun ló jalè. Wọ́n ní kò tọ́jú ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀, kò sì kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì lẹ ìwé náà mọ́ pátákó ìkéde ní ẹnu ọ̀nà, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lórí. Ará àdúgbò kì í ka ìwé dé ìsàlẹ̀. Orúkọ ni wọ́n rí. Ẹ̀ṣọ́ géètì tó ń bá a ṣeré, òun ló kọ́kọ́ ń wí káàkiri pé, "Ṣebí mo ti wí tẹ́lẹ̀ pé gbogbo ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn, ohun kan wà ńbẹ̀."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n gba ọkùnrin mìíràn. Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó béèrè tíì lọ́wọ́ mi, ó sì yí àgádágodo náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Pírńtà ọ̀gá ńkọ́? Ó mú wáyà kan tí kò gùn ju apá mi lọ, ó fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ọ̀gá, ó fi kọ́tìnnì bo wáyà náà. Ó tán. Pírńtà ń tẹ̀wé. Ọ̀gá ní, "Ẹ wo ẹni tó mọṣẹ́!" Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú mọ́ọ̀pù mi. Ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá ẹkún, ẹ̀rín la fi ń rín. Mo gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò wá.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo ń tún kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná mi ṣe. Ìwé tí wọ́n bá jù nù ní ọ́fíìsì, wọ́n gbà wá láyè láti máa kó o lọ ilé. Mo máa ń tẹ́ ẹ sábẹ́ àwo, kí n da ojú tí wọ́n kọ nǹkan sí bolẹ̀, kó lè funfun bí tuntun. Mo gbé àwo kúrò, mo fa ìwé jáde, mo fẹ́ ká a sọnù. Mo rí àmì kan lára rẹ̀. Róbótó, aláwọ̀ ilẹ̀. Ìdí ife tíì.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná. Èmi tí mi ò kí ń ka ìwé ọ̀gá, mo kà á, mo fi ìka tẹ̀lé e lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà kẹta ni. Orúkọ àbúrò mi wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ kedere pé àgádágodo wáìfáì ti gbó, pé ẹni burúkú lè jókòó sí ìta kó ka orúkọ àwọn aláìsàn. Ó tún kọ ọ́ pé tó bá jẹ́ nítorí pírńtà ni, wáyà kékeré kan lè so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kò sì ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Wáyà kékeré kan! Bírò pupa ni ọ̀gá fi kọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀: "Wáyà á ba ojú ọ́fíìsì jẹ́. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ó ti wà lábẹ́ àwo mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń bi mí léèrè níwájú ìgbìmọ̀, orí rẹ̀ ni mo ti gbé àwo tí mo fi jẹun àárọ̀.

Mo sáré lọ sídìí òpó iná. Àbúrò mi kà á tán, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún yí iwájú.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ni?"

"Níbo ni òǹtẹ̀ rẹ̀ wà?"

Mo rò pé ó ń bínú. Ẹ̀rín ló ń rín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ lábẹ́ gíláàsì kékeré yẹn. Mo ní òun náà ni mò ń lọ gbà.

Mo dúró níwájú akọ̀wé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mo jókòó sórí àga onígi ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo sì dúró títí ó fi pè mí. Mo gbé lẹ́tà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Màdáámù, ẹ bá mi lu òǹtẹ̀ sí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí obìnrin ìgbìmọ̀ yẹn."

Ó kà á. Ó rí bírò pupa. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀, mo sì rò pé Ọlọ́run ti dé. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé ńlá, ó kọ nọ́ńbà, ó gbé òǹtẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màdáámù, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ni kí ẹ fi sí i. Ó wà lókè níbẹ̀ yẹn."

"Màmá, ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé ọwọ́ mi ni mo ń lù. Mi ò lè purọ́ sínú ìwé iṣẹ́."

Ó lù ú. Òǹtẹ̀ elésè àlùkò, ó mọ́, ó dára, ó bọ́ sáàárín àmì ife tíì gẹ́lẹ́. Ọjọ́ òní ló wà lára rẹ̀.

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìlà mẹ́ta péré ni. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ ti rí ẹ̀rí tuntun náà, àwọn sì dúpẹ́. Wọ́n ní gẹ́gẹ́ bí òǹtẹ̀ ti fi hàn, ìkìlọ̀ náà dé ọ́fíìsì ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n ti dájọ́. Nítorí náà, ìdájọ́ kò yí padà.

Mo gbé e lọ fún un lábẹ́ agboòrùn. Ó ká a ní mẹ́rin, ó fi há abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ tó máa ń mì. Tábìlì náà dúró. Obìnrin kan ń bọ̀ pẹ̀lú fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó wo àbúrò mi dáadáa, ó sì kọjá lọ.